Tún-un-wò àti Kẹ̀kẹ́ Ẹrù Àbúrò Rẹ̀

Tún-un-wò ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè é, ìnagijẹ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn ju orúkọ tí òbí sọ ọ́ lọ. Iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yàn láàyò ni àpótí kékeré tí wọ́n ń kàn sí iwájú awakọ̀, èyí tó ń fi iná mú bíréèkì kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn. Bí ẹrù bá wúwo, awakọ̀ á yí bọ́tìnì rẹ̀ sókè kí bíréèkì kẹ̀kẹ́ lè mú dáadáa. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣófo, á yí i wálẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, táyà á há, kẹ̀kẹ́ á sì máa fẹ̀gbẹ́ rìn lójú títì. Kò sí oníbàárà tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí etí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di.

Àfi àbúrò rẹ̀ obìnrin. Símẹ́ǹtì kún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ tó wá gbé ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n yí bọ́tìnì sókè, ó tẹ bíréèkì wò, ó tún un tẹ̀. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu báyìí, àbúrò já lu ọ̀rọ̀ níṣojú àwọn oníbàárà.

"Bọ̀dá mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, ṣé ẹ kì í kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu yín ṣì wà níbẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí ọkùnrin náà. "Ó yá, máa lọ," ló sọ, ó sì pa ẹnu dé. Ìbínú ò mà ṣe nǹkan fúnni!

Ọkọ̀ ò tíì pẹ́ lọ tí ara Tún-un-wò kò lélẹ̀ mọ́. Bí àbúrò bá já símẹ́ǹtì tán tó sì ń bọ̀ lófìfo ńkọ́, bọ́tìnì lókè, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn? Ó pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó ń lọ ó ń bọ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Wáyà tó yẹ kó so mọ́ ọ̀tún, òsì ló so ó mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ yọ. Ó sáré jáde. Irin ló kún kẹ̀kẹ́ náà bámúbámú! Ọkàn rẹ̀ balẹ̀: ẹrù wà, bọ́tìnì wà lókè, kò séwu.

"Mo rí irin kó bọ̀," ni àbúrò wí tayọ̀tayọ̀. "Ṣùgbọ́n nǹkan yín yẹn! Bí mo ṣe já símẹ́ǹtì tán, táyà kẹ̀kẹ́ ń ké bí ẹni tó rí ejò. Mo bá yí i wálẹ̀ pátápátá, ariwo sì tán."

"O yí i sókè padà nígbà tó o kó irin?"

"Kí ni mo fẹ́ yí i sókè fún?"

Tún-un-wò bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà iwájú ọkọ̀. Òórùn ìjóná ń jáde níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí irin táyà náà, ó gbóná janjan, ó yára fa ọwọ́ padà. Bíréèkì ọkọ̀ nìkan ló ti di gbogbo irin yẹn mú sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ wo táyà, ó wo irin tó kó bọ̀. Òun náà bá jókòó tì í.

"Bọ̀dá mi, kí lẹ fẹ́ sọ láàárọ̀?"

Ó sọ ọ́ fún un, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin náà wí, "ẹ tún un sọ."