Ọwọ́ Lubowa àti Wáyà Pẹlẹbẹ

Ní gbogbo Nateete, àdúgbò kan ní Kampala, ọwọ́ Lubowa ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ ojú rẹ̀. Ọwọ́ tí kì í mì. Ẹni tí mónítọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá já bọ́ lórí alùpùpù, tí ojú rẹ̀ funfun báláú, ṣọ́ọ̀bù Lubowa létí títì ló ń gbé e lọ. Wáyà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tín-ín-rín, àwọn ẹsẹ̀ ihò tó ń wọ̀ sí sì dà bí irun orí. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀, ó ti bà á jẹ́ pátápátá nìyẹn. Ọwọ́ yẹn ni Lubowa fi ń bọ́ Nakibuule, ìyàwó rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó obuko, àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n tó ń mú ọkùnrin tó bá fara kan ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á gbọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, ìyá Nakibuule fi aṣọ borí, Lubowa sì kọjú sí ògiri. Látìgbà náà, bí ìyá bá gba iwájú wọlé, ọkọ ọmọ á gba ẹ̀yìn sá jáde. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ rí. Kò mọ ojú ìyá, ìyá kò mọ tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan láti ìgbèríko gbé mónítọ̀ wọlé, ó fi aṣọ wé e.

"Ọmọ mi, káàdì ìgbéyàwó ni mo fi ń tẹ̀ fáwọn ará abúlé wa. Ó já bọ́, àyà mi náà já."

Lubowa tú u. "Màmá, wáyà ò ṣe nǹkan. Ihò tó wọ̀ sí ló ṣí kúrò lára pátákó. Màá fi irin gbígbóná jó o padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò tó. Ẹ bá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ó di ìka ìyá náà mú, ó gbé e síbi tó yẹ, ó wá ń jó àwọn ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ rẹ mà balẹ̀ o! Wọ́n ní ọkọ ọmọ mi náà ń tún rédíò ṣe ní Kampala níbí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e tọ̀ ọ́ lọ? Kí n lọ fi obuko ba tiẹ̀ jẹ́?"

Lubowa bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi sílẹ̀ ńbẹ̀, Màmá! Tèmi náà, bí mo bá rí òjìji ìyá ìyàwó mi, eré ni."

"Sá dáadáa!" Ìyá náà gbá a lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Orí ẹ̀rín yẹn ni Nakibuule bá wọn, ó gbé matooke, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè inú ewé, dání fún oúnjẹ ọ̀sán. Ewé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá!" ó ké. "Màmá, Lubowa nìyẹn!"

Háà! Ìyá fa ìka yọ bí ẹni tí iná jó, ó fi aṣọ borí, ó sáré jáde lọ jókòó sílẹ̀ níta, ó kẹ̀yìn sí wọn. Lubowa ti wà lábẹ́ tábìlì kó tó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ó ti di ìka ìyá ìyàwó rẹ̀ mú! Ó tún bá a ṣàwàdà!

Nakibuule bẹ̀rẹ̀, ó kó matooke rẹ̀ nílẹ̀.

"Nakibuule," ìyá pè láti ìta, "sọ fún ọkọ rẹ pé a ò mọ̀. Ní kó parí iṣẹ́ ẹ̀."

Lubowa jáde lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ díẹ̀ ló kù láti jó. Nakibuule fi ìka tirẹ̀ síbi tí ìka ìyá rẹ̀ ti kúrò. Lubowa sún irin gbígbóná náà mọ́ ọn. Irin kan etí mónítọ̀: kà. Ó tún kàn án: kà, kà, kà, kà. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Kí ló ń dún yẹn?" ìyá béèrè.

Nakibuule dáhùn pé, "Òjò ni, Màmá. Òjò ló ń kán sórí páànù."

Níta níbi tí ìyá jókòó sí, oòrùn ń ràn ganrínganrín. Kò béèrè mọ́.