Ọmọ Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Òórùn èéfín ẹja ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá ti rántí ilé tí wọ́n fẹ́ mi sí. Ní ìletò wa létí òkun, ní apá Ẹtikan, orí òpó igi ni gbogbo ilé dúró lé, afárá pákó ni a sì fi ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn. Èéfín náà a máa gba abẹ́ òrùlé jáde, a dà pọ̀ mọ́ òórùn edé tí a sá sórí ẹní, àti ti ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ nígbà tó bá fà. Bí o bá ti gbé irú ibẹ̀ rí, o mọ òórùn tí mò ń wí. Kì í kúrò lára aṣọ, bó ti wù kí o fọ̀ ọ́ tó.

Nígbà náà, èmi nìkan ni mo ka ìwé mẹ́wàá parí nínú àwa ìyàwó ilé ibẹ̀. Nítorí náà, èmi ni nọ́ọ̀sì fún ní ìwé ńlá kan pé kí n máa kọ orúkọ àwọn ìyá sí, àti iye ọmọ tí oníkálukú bí. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni nọ́ọ̀sì yìí ń fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnì wá láti Igbókòdá, pẹ̀lú kúlà tó kún fún yìnyín àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Rúlà ni mo fi ń fa ìlà, n kì í sì í pa ohunkóhun rẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì dé, ojú rẹ̀ kò dùn. Oyún oṣù méje wà nínú mi. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti yẹ ìwé mi wò, wọ́n sì rí i pé iye ọmọ tí a bí kò ju iye àwọn tó wà láàyè lọ, bíi pé ọmọ kì í kú lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí ọmọ ti ń kú.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé òótọ́ ni ìwé yìí ń sọ?"

Ohun tí wọ́n wí fún mi gan-an ni mo kọ. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí a ṣe ń dáhùn. Bí o bá bi obìnrin ọ̀dọ̀ wa pé ọmọ mélòó ló bí, àwọn tó wà láàyè ni yóò dárúkọ, bó bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí tó bá sì lọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, àwọn àgbà a ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé náà, ní ìlà kẹrin ojú ewé kìíní, méjì ni mo kọ síwájú orúkọ ara mi.

Àlejò kan bá nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ náà, ìyá òyìnbó kan tó ṣe agbẹ̀bí ní orílẹ̀-èdè Sweden títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwa obìnrin bíi méjìlá jókòó síwájú ilé ìyá ọkọ mi, lẹ́bàá ààrò ẹja. Àlejò tẹ́ bébà kan sórí ẹní. Ìlà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè lápá òsì, ó ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ bébà.

"Kí ló yà yìí, ìgbì?" ni aládùúgbò wa kan tó ń ta edé béèrè. Ẹnu rẹ̀ mú. "Ó ti ọ̀nà jíjìn wá fi ìgbì han ará etí òkun!"

A bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò, òun náà rẹ́rìn-ín, kí ó tó wí pé àwọn ọmọdé ilẹ̀ òun tó kú ni. Láti ayé àwọn baba ńlá òun ni àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan ti ń kọ ẹni tí a bí àti ẹni tó kú sínú ìwé, ìbáà ṣe ọmọ ọjọ́ kan. Ibi tí ìlà ti fò sókè, ọdún ìyàn ni, tàbí ti àjàkálẹ̀ àrùn. Ó wá mú ẹ̀dà ojú ewé kan jáde láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí ìyá ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án. Àmì àgbélébùú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ márùn-ún.

Ẹ̀rín tán. "Òyìnbó náà ń sin ọmọ?" ni obìnrin tó ń ta edé wí.

"Ó ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí kò sin ọmọ nígbà náà," ni nọ́ọ̀sì túmọ̀. "Ìgbà tí ìjọba wọn rí iye ọmọ tó ń kú nínú ìwé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ agbẹ̀bí, tí wọ́n ń rán wọn lọ sí abúlé. Kò yá kánkán. Ó gba ìran mélòó kan."

Ìyá ọkọ mi fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Omi tiwọn ti fà," ó wí.

"Tiwa kò tíì fà, Yèyé," ni obìnrin tó ń ta edé fèsì. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ka ọmọ? Èmi kọ́ o!"

"Ta ló ní kí o fi ẹnu kà á, ìwọ ẹlẹ́nu yìí?"

Ìyá ọkọ mi nawọ́ sí ẹ̀yìn ààrò níbi tí a ń da ìkarahun ìṣáwùrú sí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fa abọ́ kan mọ́ra, ó sì ń ju ìkarahun sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta. Ìkarahun kẹrin bọ́ sínú abọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà. Ìkeje. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò nínú ilé náà, n kò gbọ́ nípa àwọn mẹ́ta yẹn rí.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo da ìkarahun inú abọ́ sílẹ̀, mo gbé abọ́ fún ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni abọ́ náà ń yí kiri, tí ìkarahun ń ró nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń ta edé ju tirẹ̀ kíákíá bí ẹni tí iná ń jó lọ́wọ́, ó sì fi ìborùn bo ojú.

Nígbà tó kàn mí, mo ju méjì. Ọwọ́ mi dúró. Ìyá ọkọ mi ṣa ìkarahun kékeré kan, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ọwọ́ mi ni mo fi wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà," ó rọra wí. "Iwájú orí rẹ ló ní."

Èmi ti rò pé èmi nìkan ló rántí iwájú orí náà. Mo ju ìkarahun sínú abọ́. Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ewé kìíní, mo fa ìlà gba orí méjì, mo kọ mẹ́ta.

Ọkọ̀ náà kò lọ mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ka ìlà kẹrin, ó bi mí bí èyí tó lọ ṣe lọ, mo sì sọ fún un pé ibà ni. Ó ní n kò gbọdọ̀ bí èyí tó wà nínú mi sílé. Ilé ìwòsàn Igbókòdá ni mo ti bí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná gan-an bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ni a wà.

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé bí a kò bá dárúkọ òkú ọmọ, à ń dáàbò bo àwọn tó kù ni. Àṣé bí a ṣe ń pa á mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó pa á ń rí ọ̀nà padà wá. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí gan-an. Títí di òní, n kò lè fi ẹnu kà á. Mo lọ sẹ́yìn ààrò, mo mú ìkarahun mẹ́rin wá, mo kó wọn sí i lọ́wọ́. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, èyí tó kéré yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," mo wí. "Òun ló ní kí n gbé ọ lọ sí Igbókòdá."