Fíìmù Tó Ń Pa Ìyá Aránṣọ Lẹ́kún

Yàrá iwájú ilé ni Ìyá Aránṣọ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àti tẹlifíṣọ̀n kan tó gbé kọ́ sókè ògiri kí ọwọ́ àwọn ọmọ oníbàárà má baà tó o. Bó bá ti ku bọ́tìnnì nìkan lára iṣẹ́ rẹ̀, fíìmù kan náà ló máa ń fi sí i.

Ìtàn ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ ara wọn ni. Ọ̀kan ń ṣe búrẹ́dì, èkejì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò sọdá odò. Ẹbí oníbúrẹ́dì fipá gbé ìyàwó fún un. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọlọ́kọ̀ wa ọkọ̀ wọnú ìjì kó lè lọ bá a, omi sì gbé e lọ. Ìyá Aránṣọ mọ ìparí yìí bí ẹni mọ ọ̀nà ilé, síbẹ̀ bí ọlọ́kọ̀ bá ti ń tú okùn, yóò fò dìde.

"Má lọ o! Ìwọ ọmọ yìí, ojú ọ̀run ti ṣú! Àbí etí rẹ di ni?"

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, yóò ní, "Ìyá wọn, ọkùnrin yìí ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó tún fẹ́ kú lónìí ni?"

"Ẹ jẹ́ n sunkún mi jàre."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ wọn ọkùnrin, oníṣẹ́ iná, mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí wọn. Káfíńtà ni. Òpó ni wọ́n ń pè é, torí ó ga débi pé kì í wọlé ẹnikẹ́ni láìtẹ̀ba. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé, "ọ̀rẹ́ mi" náà ni ọmọ sì ń pè é, kò sẹ́ni tó wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ọmọ gbójú sókè, ó rí ohun tó wà níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo wáyà tó bàjẹ́ lẹ́yìnkùlé. Wáyà kankan kò bàjẹ́.

Òpó jókòó. Nígbà tí omi gbé ọlọ́kọ̀, ọkùnrin gìrìwò yìí bú sẹ́kún, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Ìyá Aránṣọ na àgékù aṣọ kan sí i, ó wá kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ìwọ oníṣẹ́ iná! Wá jókòó ti ẹni rẹ. Àbí èmi ni kí n máa nu omijé fún un?"

Ọmọ dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ẹ ti mọ̀?"

"Èmi tí mo bí ọ? Ó pẹ́ tí o ti kó ọ̀rọ̀ sẹ́nu bí ọ̀bọ tó kó ẹ̀pà sẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ní kí o fúnra rẹ tu ú jáde ni."

Bàbá wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ láìwẹ̀yìn. Àṣé àga ló lọ gbé, torí ìjókòó ò tó. Ó gbé e kalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó wá yíjú sí Òpó.

"Ẹsẹ̀ àga yìí ń mì. Ṣé o lè bá mi tún un ṣe?"

"Ẹ jẹ́ n wò ó, Bàbá." Ó ti kúnlẹ̀ tì í kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Ìyá Aránṣọ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n títí ojú yóò fi jinná. Èyí dùn ún ju abẹ náà lọ. Òpó wá jókòó tì í, ó tan fíìmù, ó ń sọ ọ́ fún un bó ṣe ń lọ. Nígbà tó kan ibi ìjì, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Màámi, ó wo ojú ọ̀run, ó rí i pé ó ṣú. Ó so okùn padà. Ó ti wọlé lọ."

"Ẹn-ẹ́n? Omi wo wá ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Ó ń wẹ̀ ni, Màámi."

Ẹ̀rín pa Ìyá Aránṣọ débi pé ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra nítorí ojú. Bàbá ní irú ìwẹ̀ wo ló ń sán ààrá báyẹn.

Ojú ti jinná tipẹ́tipẹ́ báyìí, ó tiẹ̀ ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò. Ṣùgbọ́n bí Òpó bá ti dé, yóò di ojú méjèèjì pinpin, yóò ní iná tẹlifíṣọ̀n ń ta òun lójú, kó wá sọ ọ́ fún òun.