Owó Tí Mo Yá Láìkúnlẹ̀

Ẹ̀yin tèmi, ẹ sún mọ́ mi kí n fi ẹnu ara mi ro ẹjọ́ yìí fún yín, kí ẹlòmíràn má baà bá mi fi iyọ̀ sí i. Ìyá Sàkírà ti ní kí n máa sọ ọ́, ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Irọ́ ni! Ó ṣì ń bà mí díẹ̀.

Rọ́bà ni mò ń tà: báfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, kúlà, gbogbo ohun tó ń gba omi dúró. Ọjà wa wà níbi tí Ìlobù ti fẹnu ko Ìfọ́n. Bí èèyàn bá tutọ́ ní ìlú kan níbẹ̀, atẹ́gùn lè gbé e dé ìlú kejì. Ọmọ Ìlobù ni mí. Àwa obìnrin ìlú méjèèjì la jọ ń dá àjọ nínú ọjà yẹn, èmi sì ni olórí àjọ. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi yàn mí? Ẹnu mi ni. Ẹni tó bá kó àjọ tán tó wá ń sá fún dídá, ẹnu mi á bá a délé ọkọ rẹ̀!

Tẹ́lẹ̀, inú kúlà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni owó àjọ ń gbé. Ìgbà tí ìjà ilẹ̀ dé láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, tí kálukú ń sá, mo gbé kúlà yẹn rù gba Ẹ̀rìn kọjá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Òṣogbo, bí ẹni tó ń kiri omi tútù. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara balẹ̀ tí a padà sọ́jà, àwọn obìnrin fárígá, wọ́n ní ẹni tó ń sá fún ìbọn kọ́ ló yẹ kó máa ru kúlà. Wọ́n ní báǹkì ni kí owó máa gbé. Àkáǹtì ta ni? Tèmi náà ni! Kí la tún fẹ́ ṣí òmíràn fún?

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní Òṣogbo yẹn, mi ò rí nǹkan tà. Oúnjẹ àbúrò mi ni mò ń jẹ, ọkọ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọjọ́ tí mò ń lọ. Mo tẹ fóònù mi láti wo ohun tó kù ní báǹkì. Bíńtín ni! Ni fóònù bá kọ Òyìnbó gbọọrọ jáde. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mo lè ka Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Òyìnbó, mo mọ "yẹ́ẹ̀sì", mo sì mọ ení. Ó ní tí ó bá jẹ́ yẹ́ẹ̀sì kí n tẹ ení. Mo tẹ ení.

Owó wọlé!

Mo rò pé báǹkì ti gbọ́ nípa ìjà wa ni, pé wọ́n ń kí wa kú ìpọ́njú. Mo gbàdúrà fún ọ̀gá wọn tọmọtọmọ. Mo ná an tán, mo tún tẹ ení.

Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkigbà tí mo bá wo iye tó wà níbẹ̀, mo máa ń rí ìlà kékeré kan níwájú rẹ̀. Gíláàsì fóònù mi ti sán tipẹ́, mo gbà pé ara sísán náà ni. Mo fi etí ìró nù ún, kò lọ. Iye yẹn sì ń pọ̀ sí i! Mo ní kí n má fọwọ́ kàn án, kó máa bímọ. Ẹ ò rí òmùgọ̀? Gbèsè ló ń ga, èmi ń dúpẹ́! Álàátì tó lè là mí lójú sì rèé, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́, torí wọ́n ń gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìgbà tí owó àjọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àkáǹtì yẹn, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Owó olówó, kí ni mo fẹ́ máa yọjú wò?

Ó wá kan Ìyá Sàkírà láti kó. Ará Ìfọ́n ni wọ́n, àgbàlagbà tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Ìjà yẹn ba òrùlé wọn jẹ́, tapólì ni wọ́n fi bo yàrá. Páànù ni wọ́n fẹ́ fi àjọ yìí rà kí òjò tó le. Mo fi ìlérí ránṣẹ́ sí wọn, mo gba ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ṣe POS ládùúgbò mi lọ.

Ó fi káàdì mi bọ ẹ̀rọ, ó ní, "Ìyá Dọ̀tun, owó ò tó."

"Gbé ẹ̀rọ rẹ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mà. Owó ni ò sí."

Ó dín iye náà kù, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún dín in kù, ó kọ̀. Ìgbà tó dé bí ìdajì ni ẹ̀rọ tó gbà, ó sì ka ìdajì náà fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹnu mi, ẹnu tí gbogbo ọjà ń bẹ̀rù, gbẹ táú!

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù? Kì í ṣe owó nìkan o. Ẹ bá mi gbọ́ bí yóò ṣe dún lẹ́nu: "Ará Ìlobù ti kó owó ará Ìfọ́n jẹ." Obìnrin méjì á sọ ọ́ nídìí ẹ̀wà, ọkùnrin mẹ́ta á gbà á sọ nídìí ayò, kí a tó mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ á ti fa àdá yọ! Nítorí èmi tí mò ń ta báfù! Oorun tó wà lójú mi sá lọ. Ìgbẹ́ gbuuru sì dé, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ báàsì lọ báǹkì ní Òṣogbo. Gbogbo ariwo tí mo fẹ́ pa ni mo ti tò sẹ́nu. Ọmọbìnrin kan wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀ ń jẹ wá lówó tẹ́lẹ̀ ni. Bí owó ṣe wọlé la yọ tiwa, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn."

Mo ní, "Èmi? Ta ni mo kúnlẹ̀ fún?"

Kò yé e. Mo ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ẹni tó yá owó láìkúnlẹ̀. O máa kí onítọ̀hún, o máa kí aya, o máa bi í léèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé o ń wolẹ̀. Èmi tí mo jókòó lórí àga àbúrò mi tí mò ń jẹ ẹ̀pà, ìgbà wo ni mo yá owó?

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ófádíráàfù lorúkọ rẹ̀, pé ohun tí ení tí mo tẹ̀ túmọ̀ sí ni pé mo gbà láti ná owó tí kì í ṣe tèmi, kí n sì san èlé. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ìlà kékeré yẹn ló wà níbẹ̀! Lórí gíláàsì tí kò sán!

Ṣé kí n sá ni? Mo rò ó o. Àmọ́ níbo ni mo fẹ́ gbé ìsọ̀ rọ́bà sá lọ? Mo di ìdajì owó yẹn mọ́ ìdí, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n. Mi ò tí ì dé ibẹ̀ láti ìgbà ìjà. Bí a ṣe kọjá ọjà wa, ọlọ́kadà bi mí pé ṣé mo mọ ẹni tí mò ń lọ bá. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ohùn mi jáde bíi ti ewúrẹ́.

Ìyá Sàkírà wà lábẹ́ tapólì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìlà tí mò ń fi ìró nù. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Orúnkún mi ti kú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

"Àwọn ọmọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Wọn ò ní dúró bi ọ́ nípa ìlà kankan." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba owó tó wà lọ́wọ́ mi. "Ìgbà tó bá kàn ọ́ láti kó àjọ, ìgbà náà ni kí o fún mi ní ìdajì tó kù."

"Ẹ ṣé, mà."

"Má tíì dúpẹ́. Òjò ń jò lé mi lórí. Báfù mélòó lo ní?"

Báfù ńláńlá mẹ́fà ni mo kó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì! Wọ́n tò ó káàkiri yàrá. Látìgbà yẹn, bí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù tèmi, tó, tó, tó inú báfù ní Ìfọ́n ni mò ń gbọ́. Bí ọkùnrin kan bá sì ti yára rìn wá láti apá Ìfọ́n, mo ti ń wá ibi tí mo máa sá gbà.

Ó kàn mí láti kó. Owó náà kò wọ báǹkì rárá, láti ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìdajì tó kù ti lọ sọ́wọ́ Ìyá Sàkírà. Páànù ti wà lórí ilé báyìí, ó ń dán. A ti ṣí àkáǹtì fún àjọ nìkan, àwa méjì la ń buwọ́ lù ú, èmi láti Ìlobù, Ìyá Sàkírà láti Ìfọ́n. Mo ti dá álàátì padà, ọmọ POS sì ń kà á fún mi lédè Yorùbá.

Mi ò bú báǹkì mọ́. Ìka mi ló tẹ ení. Báyìí, bí fóònù bá ti ní kí n tẹ nǹkan, mo máa ń bi ara mi pé ká ní èèyàn ló jókòó níwájú mi, ṣé mo máa kúnlẹ̀ fún un? Bí mi ò bá mọ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ìka rẹ̀ ti tì í sí gbèsè bíi tèmi? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú, kí n má dá nìkan jẹ́ òmùgọ̀ ní gbogbo Ọ̀ṣun!

Lọ́jọ́ tí wọ́n kan páànù tán, mo ní kí Ìyá Sàkírà dá báfù mi padà. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

Wọ́n ní èlé ni.