Ọjọ́ Tí Mo Rí Agbárí Ara Mi Lófuurufú

Gàrí ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Odògbólú, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì gbálẹ̀, mo dìde, mo gbọn eruku, mo bú ọlọ́kadà dáadáa, mo rò pé ó parí. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo ju gàrí sẹ́nu bí àwa tí ń tà á ṣe máa ń tọ́ ọ wò ká tó rà á. Kò dún. Apá òsì ẹnu mi dà bí ẹnu ẹlòmíràn.

Mo ní, "Ìyá Rónkẹ́, gàrí yín ti fa omi."

Obìnrin tó ń gbé e wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ náà kò gbà. Ó da ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu, ó ń rún un. "Ìyá Bùsáyọ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Ẹnu yín ni kẹ́ ẹ lọ sá sóòrùn."

Mo fẹ́ fèsì, àmọ́ Ìyá Rónkẹ́ méjì ló dúró níwájú mi, ọ̀kan ga ju èkejì lọ díẹ̀, mi ò sì mọ èwo ni kí n bú. Ẹ̀rù bà mí.

Ẹnìkan ti gbé omi gbígbóná wá pé òun á fi tẹ ojú mi. Ọmọ mi, Bùsáyọ̀, ló kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣubú, tí ètè yín kú, tàbí tí nǹkan kan ń di méjì lójú yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Ilé ìwòsàn kékeré tí a kọ́kọ́ lọ ló ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń ro wá. Ìrora tèmi kì í pariwo. Ńṣe ló ń lù kì, kì, lábẹ́ ojú, bí ẹni ń gún nǹkan nílé kejì. Dókítà obìnrin kan wo àwòrán egungun ojú mi, ó ṣàlàyé pé ihò tí ẹyinjú ń gbé ní ilẹ̀ bíi yàrá. Ilẹ̀ tèmi ti ya, ẹyinjú ti rì sínú ẹ̀, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọnú, iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ nǹkan lára ti fara pa. Wọ́n á tẹ́ ilẹ̀ tuntun, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ de egungun. Bí irin bá yẹ̀ díẹ̀, mo lè máa rí méjì títí ayé.

Dókítà obìnrin náà ní awò ojú ńlá kan, bíi ti wẹ́dà tó ń jó irin. Tó bá wọ̀ ọ́, á máa rí aláìsàn níwájú rẹ̀, á tún máa rí àwòrán egungun onítọ̀hún lára rẹ̀ gan-an, kó lè mọ ibi tí irin máa wọ̀. Ó gbé e wọ̀ mí, ó ní kí n di ojú òsì.

Yéè! Agbárí mi wà lófuurufú, ó funfun bí òṣùpá, ó rọra ń yí. Mo nawọ́ sí i, ọwọ́ mi gba inú ẹ̀ kọjá. Ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín sí i. Dókítà yí apá ọ̀tún tó pé sódì, ó fi bo apá òsì tó fọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa dá egungun padà sí.

"Dókítà, ẹ kúkú bá mi fi ẹwà kún un."

"Màmá, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ là ń wá."

"Ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀ ni? Ó dáa ju báyìí lọ o!"

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ oorun gbé mi. Mo lá pé èmi àti egungun mi jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan tí kò ní eruku, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ìyanu ni, torí èmi kì í dákẹ́.

Nígbà tí mo jí, ojú mi wú bíi búrẹ́dì. Ògì ni mò ń mu, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ fun imú. Nǹkan gbogbo ṣì jẹ́ méjì. Mo sunkún. Nọ́ọ̀sì ní wíwú ló fà á, kí n ní sùúrù. Lóòótọ́, bí wíwú náà ti ń rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sún mọ́ra bí ọ̀rẹ́ tó jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bùsáyọ̀ gbé ògì wọlé. Bùsáyọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí. Mo tẹjú mọ́ ọn.

"Màámi, kí ló dé?"

"Dúró síbẹ̀. Jẹ́ kí n wò ọ́."

Ètè òsì mi ṣì ń ṣe mí ṣínríṣínrí. Wọ́n ní iṣan kì í yára sàn. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń bọ́jú láàárọ̀, mo máa ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń kí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé ojú mi dúró látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, tí ẹ ò béèrè ọpẹ́ rí.