Ọjọ́ Tí Wọ́n Fọ́ Kọ̀ǹpútà Oyèbọ́lá ní Agbowó

Ọ̀pá irin tí Oyèbọ́lá fi ń dábùú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agbowó gùn tó apá àgbàlagbà ọkùnrin, ó sì wúwo. Ọdún tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ ló ní kí wẹ́dà kan ní Mọ́kọ́lá bá òun ṣe é. Àwọn aládùúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní kí ni obìnrin tó ń bá àwọn ọmọ yunifásítì kó fíìmù sórí fóònù fẹ́ fi irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe, àbí báńkì ló ń ṣọ́ ni? Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í dúró wádìí ekòló.

Luke Ayẹni lorúkọ ọkọ rẹ̀. Fọ́tò àti fídíò ló ń yà jẹun, òun ló sì ń kọ eré fún ìjọ Aládùúrà wọn ní Baṣọ̀run. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó ń kọjá ní Ìwó Road, ló bá bọ́ sáàárín ìjà àwọn onímọ́tò. Kò ya ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹnì kan rí kámẹ́rà lára rẹ̀, ó pariwo pé, “Ó ń yà wá o! Ọlọ́pàá ló rán an!” Ìgò ni wọ́n kọ́kọ́ fi là á lórí, pákó ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí Oyèbọ́lá máa fi débẹ̀, wọ́n ti fi páálí bo ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọ̀dà títì. Abẹ́ ikùn Luke ni wọ́n ti fa kámẹ́rà yọ, kò tilẹ̀ ha. Wọ́n wo inú rẹ̀, kò sí àwòrán ìjà kankan níbẹ̀.

Ibi tí èèyàn tún ti lè gbọ́ ohùn Luke láyé kò ju inú eré kan ṣoṣo lọ. Ìkòkò Àgbélẹ̀ ló pe eré náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe bàbá arúgbó tó ń bá ìkòkò jà nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ká a ti bu, àmọ́ kó tó bàjẹ́ tán ni Oyèbọ́lá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà títí ó fi yé e. Tọ́rẹ́ǹtì ló fi ń rí fíìmù tó ń kó fún àwọn oníbàárà. Tọ́rẹ́ǹtì kì í ṣe ilé kan tí wọ́n kó fíìmù pamọ́ sí. Ọwọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé ló wà, ẹni tó ní i á gé e ní ẹ̀là wẹ́wẹ́ fún ẹni tó fẹ́, ẹni tó gbà á náà á sì máa fún ẹlòmíràn. Àáró ni. O ò lè jẹ́ kí wọ́n bá ọ roko tán, kí ọjọ́ oko ẹlòmíràn pé kí inú máa run ọ́. Nínú ẹgbẹ́ tí Oyèbọ́lá wà, wọ́n ń wọn ohun tí èèyàn fún ni mọ́ ohun tó gbà. Òṣùwọ̀n yẹn ni wọ́n ń pè ní rátíò. Bí rátíò rẹ bá relẹ̀ jù, wọ́n á tì ọ́ síta.

Rátíò Oyèbọ́lá ti ń relẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn, ẹnikẹ́ni kò wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí dísìkì tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ìgbà tí ẹyẹ ń sọ igi ni ara rẹ̀ tó bù máṣọ.

Ó sáré ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ó ní kó da eré Luke kọ. Ó dé àárín, ó gan. Ó tún un ṣe, ó tún gan. Dísìkì tó ń kú dà bí aláìsàn tí kò lè jẹ òkèlè: bí o bá rọ́ ọ sí i lẹ́nu, á pọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló lè gbà, díẹ̀díẹ̀ ló sì lè pọ̀ jáde. Tọ́rẹ́ǹtì nìkan ló ń mú nǹkan ní díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé eré náà síwájú ẹgbẹ́. Àwọn méjì ló yọjú: Abdulqoyum, tíṣà kan ní Ṣakí tó ń ṣa eré àtijọ́ jọ, àti Tijésùnimí, ọmọ Oyèbọ́lá fúnra rẹ̀, tó wà ní Kánádà.

“Màámi, òdo ló ṣì wà o,” Tijésùnimí wí lórí fóònù. “Ó kàn ń yí, ó ń yí ni.”

“Má pa á.”

“Mi ò pa á. Tíṣà Ṣakí yẹn ní bóyá ẹ ò tíì tan tiyín.”

“Sọ fún tíṣà kó lọ tan ojú tiẹ̀.”

Ó rọra wá ìdí rẹ̀. Ó pa ètò tọ́rẹ́ǹtì, ó tún un tàn. Ó ní kó yẹ fáìlì wò bóyá ó pé. Ó pé. Ó wo gbogbo ohun tó lè dínà, ìkan ò dínà. Ó wá ku VPN. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún un a máa fa tọ́rẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń lo VPN, tó ń gba ìlú òkèèrè kọjá bí ẹni da gèlè bojú. Àmọ́ VPN ọ̀hún ti ilẹ̀kùn. Oyèbọ́lá lè jáde lọ gbà, ẹlòmíràn kò lè wọlé wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́lé tó ń na àwo síta lójú fèrèsé fún ọbẹ̀ aládùúgbò. Ibẹ̀ ni rátíò rẹ̀ ń bá lọ.

Ó wá ọ̀nà VPN mìíràn tó gbà kí ilẹ̀kùn ṣí. Ti Amsterdam ló rí. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà ilẹ̀kùn náà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ètò tọ́rẹ́ǹtì. Ó tún ní kó má ṣe fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀là kan náà: èyí tó bá ti fún Abdulqoyum, kó má fún Tijésùnimí, kí wọ́n máa ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan péré nínú àwọn méjèèjì, eré Luke ti yè nìyẹn, dísìkì ìbáà fọ́.

Níbi tó kù ló ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bó bá gbé VPN tuntun yìí sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ á pọ̀ jù fún ẹ̀rọ aláìsàn náà, á kú. Ló bá gbé VPN sórí ẹ̀rọ wáì-fáì ṣọ́ọ̀bù, tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ ń gba Amsterdam lọ, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Kò rántí pé oníbàárà ń lo wáì-fáì náà. Ọkàn rẹ̀ wà lára ohun tó ń sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Màámi! Ó ti ń wọlé!” ni Tijésùnimí ké.

Ìgbà yẹn ni Sùlàímọ́nù wọ ṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọ̀gá àwọn ọlọ́kadà ìsọdá ẹnu géètì yunifásítì, ọkùnrin onírunmú tí ọ̀rùn rẹ̀ nípọn. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sùn.

“Ìyá Tijésùnimí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wáì-fáì yín. Ìyá mi wà ní ọsibítù, wọ́n ní ká sanwó ẹ̀jẹ̀ kíá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ò gbé nǹkan kan.”

Oyèbọ́lá pe ọ̀rọ̀ aṣínà náà fún un láì gbójú sókè. Sùlàímọ́nù ṣí báńkì rẹ̀ lórí fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó bínú jáde.

Kò pẹ́ tí ariwo sọ níta. Báńkì ti ti àkáǹtì Sùlàímọ́nù pa. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé ẹnì kan láti Amsterdam ti fẹ́ wọ inú rẹ̀.

“Yàhúù ni obìnrin yìí!” Ohùn Sùlàímọ́nù ni. “Ó ti ta nọ́ńbà mi! Ìyá mi ń kú lọ lórí ibùsùn, ìwọ ń tà mí fún òyìnbó!”

Oyèbọ́lá ti ilẹ̀kùn, ó dábùú irin. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀là tí kò tíì jáde rárá ṣẹ́ kù díẹ̀.

“Sùlàímọ́nù, fún mi láyè díẹ̀, màá ṣàlàyé fún ọ!”

“Ìwọ ṣílẹ̀kùn ni!”

Òkúta kan fọ́ gíláàsì wọlé, ó bá a lórí ìpéǹpéjú. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú kan, ó ń fi ọ̀kan tó kù wòran. Ọwọ́ kan gba àárín irin fèrèsé wọlé, ó fa irun rẹ̀, ó fi orí rẹ̀ gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó tún un gbá. Oyèbọ́lá já ara rẹ̀ gbà. Ó yọ ọ̀pá irin kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi gbogbo ara lé e, ó sọ ọ́ mọ́ apá tó wà láàárín irin fèrèsé. Egungun dún bí igi gbígbẹ. Sùlàímọ́nù ló ké. Òun ló ni apá.

Àmọ́ ilẹ̀kùn kò ní irin lẹ́yìn mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ta á nípàá, ó ṣí. Oyèbọ́lá dúró síwájú tábìlì kọ̀ǹpútà, ó ń fì irin náà kiri. Ó bá ẹnì kan lórúnkún, ó bá ẹlòmíràn lẹ́nu, eyín fò. Wọ́n gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi nà án. Wọ́n tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Abdulmojeed, ọlọ́kadà tí Oyèbọ́lá máa ń kó fíìmù fún lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ọdún, ló gbé kọ̀ǹpútà jù sẹ́nu ọ̀nà gọ́tà, ó sì fi búlọ́ọ̀kù fọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá yí táyà kan bọ̀. Ẹlòmíràn ti ń fa pẹtiróòlù jáde láti inú ọ̀kadà.

“Ẹ fi táyà yẹn sílẹ̀!”

Alàájì Tàjúdéènì ni, tó ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gba àárín wọn wá, ó jókòó sínú ihò táyà náà lórí ilẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ gọ́tà.

“Ẹ dáná sí i wàyí.”

Kò sẹ́ni tó dáná. Ẹnu Oyèbọ́lá kún fún ẹ̀jẹ̀, ó tu ú kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Alàájì, ẹ̀rọ wáì-fáì mi ló ń gba Amsterdam kọjá. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀, Amsterdam ni wọ́n á pè é. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí ògiri. Abdulmojeed máa ń lò ó. Ẹ ní kó wo ojú ọjọ́ lórí fóònù rẹ̀.”

Abdulmojeed mú fóònù jáde. Ó wò ó pẹ́.

“Kí ló wí?” Alàájì bi í.

“Ó ní… ó ní òjò ń rọ̀, sà. Ní Amsterdam.”

“Wo ètè rẹ bí ọyẹ́ ṣe là á. Òjò ló ń rọ̀ sí ọ lórí?”

Sùlàímọ́nù jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó di apá rẹ̀ mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ọsibítù kan náà ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ, níbi tí ìyá Sùlàímọ́nù wà. Alàájì ló dúró fún owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wá. Wọ́n rán ìpéǹpéjú Oyèbọ́lá, wọ́n fi igi di ìka ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ ìka méjì níbẹ̀ kò tún ká mọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ọmọ rẹ̀ sọ kò ju, “Má pa á. Kí tíṣà náà má pa tiẹ̀.”

“Màámi, ẹ sùn jàre. Ṣé wọ́n—”

“Ẹ̀là tí o kò ní, ó wà lọ́wọ́ tíṣà. Èyí tí tíṣà kò ní, ó wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Nígbà tí ìyá Sùlàímọ́nù ti ń rìn, Sùlàímọ́nù wá dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ kọ́ sí ọrùn, ikùn rẹ̀ kanlẹ̀. Abdulmojeed gbé kọ̀ǹpútà tuntun lẹ́yìn rẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀.

“Dìde,” Oyèbọ́lá wí. “Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ń jẹun, mà.”

“Bá mi kí wọn.”

Ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ sára ògiri pé: Ẹ MÁ FI WÁÌ-FÁÌ IBÍ WỌ BÁŃKÌ. Lẹ́yìn náà ló tan ẹ̀rọ tuntun, ó sì wá eré Luke. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló ń gbà á: láti Ṣakí, láti Kánádà. Ó yára títí, ó wá dúró gbọin nígbà tó ku ẹ̀là kan. Ti Abdulqoyum dúró síbẹ̀ náà. Ti Tijésùnimí pẹ̀lú. Ẹ̀là yẹn kò jáde kí àwọn ọlọ́kadà tó wọlé. Kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé.

Ó ṣí i wò bẹ́ẹ̀. Luke jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú, ó na ọ̀pá sí ìkòkò, ó bú u tìdílé tìdílé. Ó wá la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ há. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti padà, ó ti ń nu omi ojú ẹ̀rín.

“Màámi,” Tijésùnimí rọra wí lórí fóònù, “mo mọ ẹnì kan tó lè bá wa fi nǹkan dí ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

“Fi í sílẹ̀,” Oyèbọ́lá wí. “Ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé.”

Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní títàn, kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbà.