Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Gbé Tàńtí Relé Ọkọ

Lánàá ni mo gba ẹ̀bá ilé alágbẹ̀dẹ kan kọjá, òórùn irin gbígbóná sì mú ọkàn mi padà sí Manigri, ìlú wa, sí ọ̀sán ọjọ́ tí a fẹ́ sin Tàńtí, àbúrò bàbá mi, lọ sílé ọkọ ní Bassila.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan ni bàbá mi ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì fọ́. Èyí tó rí rà dípò rẹ̀ ní ihò márùn-ún, bẹ́ẹ̀ bùlọ́ọ̀nù, irin tó ń di ẹsẹ̀ mú mọ́ ọkọ̀ náà, jẹ́ mẹ́fà. Kò wọlé. Tàńtí ti kun osùn, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹsẹ̀ ni n óò fi rìn délé ọkọ ni?”

“Ká má rí i,” ni bàbá mi wí.

Òun àti alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ti irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà bọ iná títí ó fi pọ́n bí ẹyín iná, wọ́n sì lu ihò mẹ́fà tuntun sí i. Nígbà tó wọlé wẹ́kú, mo hó yèè, mo fò sínú ọkọ̀.

“Sọ̀ kalẹ̀ ná,” ni bàbá mi wí fún mi.

Òun nìkan ló kọ́kọ́ wà á jìnnà, tó sì wà á padà. Mo rò pé ó ń ṣe fàájì ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi dán irin náà wò.

Nígbà tí a wọ Bassila, àwọn àna wa ti tò sẹ́bàá ọ̀nà. Tàńtí gbórí sókè bí ọmọ ọba. Èmi náà gbé tèmi sókè.